Ìwé Tí Ọ̀gá Buwọ́ Lù Nínú Eré

Àbámẹ́ta, 11 Jánúárì 2025

Ọyẹ́ ṣì mú. Ètè mi ti là, mo sì jókòó láti agogo mẹ́sàn-án di mẹ́rin nínú gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Effurun, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kán omi sínú ike. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n pè wá wá kọ́ níbẹ̀, gbogbo Àbámẹ́ta, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀gá iléèwé aládàáni mọ́kànlá, àti igbákejì kọ̀ọ̀kan. Èmi ni igbákejì Ọ̀gá Fọlárìn, nítorí náà èmi ni mo gbé báàgì rẹ̀.

Dókítà Àmínátù, obìnrin Ìlọrin tó ń kọ́ wa, ní eré la ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpinnu tí kò ní ègbè nínú. Wọ́n ti háyà òṣèré kan, Cynthia, ọmọ Warri. Òun ló máa jẹ́ òbí tàbí ọmọ tí wọ́n fẹ́ lé. Ẹnì kan nínú àwọn ọ̀gá á jókòó sẹ́yìn tábìlì, á gbọ́ ẹjọ́, á kọ ìpinnu rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù, á sì buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u wò: ta lo gbọ́ tirẹ̀, ta lo ò gbọ́ tirẹ̀, kí ló fà á?

Èrò náà dáa. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló rí mi lára. Ọ̀gá kan láti Ekpan sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tálákà títí omi fi lé sójú rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó jágbe mọ́ obìnrin tó ń pín mítí-páì nítorí pé kò kọ́kọ́ fún òun. Ọ̀gá tèmi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó gbé òǹtẹ̀ iléèwé wá pẹ̀lú. Kò síbi tó ń lọ tí òǹtẹ̀ yẹn kì í sí lápò rẹ̀. Ó ní bébà tí kò bá ní òǹtẹ̀, bébà ìnùdí ni.

Ajé, 13 Jánúárì

Ìyá kan gbé jíìpù wọ ọgbà láàárọ̀. Ó ní ọmọ òun ò lè mí ní kíláàsì, pé òórùn ẹja ń jáde lára ọmọbìnrin kan. Ìkúnayọ̀ ló ń sọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni, láti Ubeji, ó wà ní SS3, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà ní ọjà Pessu. Òun ló ṣe ipò kejì ní December.

"VP, ẹ bá mi kọ̀wé sílé that fish girl," Ọ̀gá Fọlárìn wí. "Kó jókòó sílé títí wọ́n á fi tún ara wọn ṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó mọ́ kọ ọ́ o."

Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún kẹfà ọmọ náà nílé ẹ̀kọ́ yìí nìyí.

Mo kọ ọ́. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. "Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó" ni mo pè é, mo sì fi "fún àǹfààní gbogbo wa" parí rẹ̀. Mo tilẹ̀ tún gbólóhùn kan ṣe kó lè dùn ún kà. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀.

Kòtò ìgbẹ́ ẹ̀yìn yàrá olùkọ́ ti kún àkúnya láti December. Ọwọ́ la fi ń bo imú jẹun ọ̀sán. Kò tíì sẹ́ni tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Àbámẹ́ta, 18 Jánúárì

Wọ́n ní kí iléèwé kọ̀ọ̀kan kọ ẹjọ́ kan tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n lè fi ṣeré, ká yí orúkọ padà. Ọ̀gá ní kí n wá nǹkan kọ. Mo kọ ti Ìkúnayọ̀. Mo sọ ẹja di kẹrosíìnì, mo sọ Ubeji di Igbudu, mo sọ ọmọ náà ní Táíyé.

Dókítà Àmínátù kà á sókè láì dárúkọ iléèwé tó ti wá. Ọ̀gá Fọlárìn mi orí títí.

"Irú àwọn èèyàn wo nìyí?" ó ní. "Ẹni tó kọ irú lẹ́tà yẹn sí òbí, ó yẹ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo wo bàtà mi. Gbogbo wọn ń sọ pé òótọ́ ni.

Ìṣẹ́gun, 21 Jánúárì

Ìyá Ìkúnayọ̀ wá. Hàmídù tó ń ṣọ́ géètì ò jẹ́ kó wọlé. Ọ̀gá ti pàṣẹ fún un. Èmi ni mo jáde lọ bá a nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ìlàjẹ ló ń sọ, Ìjẹ̀bú lèmi, ṣùgbọ́n mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.

"Ọma mi ka ìwé náà fún mi lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "A ti kó aṣọ iléèwé rẹ̀ kúrò nílé wa, ma. Ọ̀dọ̀ ìyàwó pásítọ̀ ló wà. Ibẹ̀ ló ti máa wẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ la fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ wò."

Ó na yúnifọ́ọ̀mù náà sí mi nínú ọ̀rá. Mo gbóòórùn ọṣẹ àti ọsàn. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, èéfín, díẹ̀ báyìí.

"Ẹ máa lọ ná, Màmá. A ó ránṣẹ́ sí yín."

"Ìgbà wo, ma? Wọ́n ní ẹ ó kó orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe Wáẹ̀kì lọ ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tó ń bọ̀. Orúkọ tí kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún mìíràn."

Ó mọ ọjọ́ náà lórí. Mo tún sọ pé a ó ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti mọ́ mi lẹ́nu jù.

Nígbà tí mo padà wọlé, Ọ̀gá ní kí n fọ́n nǹkan olóòórùn dídùn sí ọ́fíìsì. Obìnrin náà ò sì dé ọ́fíìsì.

Ọjọ́bọ̀, 30 Jánúárì

Ìlérí ọmọ mi ni Ìkúnayọ̀ ń jókòó tì ní kíláàsì. Mo bi í lónìí pé ṣé òórùn náà ń yọ ọ́ lẹ́nu rí. Yorùbá ni mo fi bi í. Bó ṣe máa ń ṣe, Pidgin ló fi dá mi lóhùn.

"Which smell, Mummy? For that class wey dey face una toilet? Na only fish una nose dey hear?"

Mo ní kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

"Na she dey teach me Maths," ó ní. "Now who go teach me?"

Ìlérí ò lè ka Yorùbá, nítorí náà ni mo ṣe lè fi ìwé yìí sílẹ̀ lórí tábìlì. Mi ò fẹ́ kó mọ ẹni tó kọ lẹ́tà náà. Ó jọ pé ó mọ̀.

Àbámẹ́ta, 1 Fẹ́búárì

Wákàtí méjì lórí bí wọ́n ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀ fún òbí. Ọ̀gá Fọlárìn sùn. Nígbà tó jí, ó bèèrè bóyá wọ́n máa fi férémù sí sátífíkéètì.

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì

Mo lọ sí Ubeji lẹ́yìn iṣẹ́. Epo tún ti gbówó lórí, ẹgbẹ̀rún kan ni kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ mi lọ nìkan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń lọ, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ tí mo bá débẹ̀.

Ìkúnayọ̀ jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń yanjú ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Ó ti gbé ara rẹ̀ jìnnà sí ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń yí ẹja lórí wáyà. Nígbà tó rí mi, ó dìde, ó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó sì yí lọ sí òdìkejì mi, kí òórùn rẹ̀ má bàa kàn mí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn bí kì í bá ṣe èmi?

"Good evening, ma. Abeg, my name don enter?"

Mo ní kò tíì wọlé.

"I don read Chemistry finish, ma," ó ní, bí ẹni pé ìyẹn lè ràn mí lọ́wọ́.

Ìyá rẹ̀ di ẹja mẹ́ta sínú bébà fún mi. Mi ò lè kọ̀ ọ́, mi ò sì lè jẹ ẹ́. Ìlérí ló jẹ gbogbo ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Fẹ́búárì

Dókítà Àmínátù pè mí. Táífọ́ọ̀dù ti dá Cynthia dùbúlẹ̀, ọ̀túnla sì ni eré ìparí. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ló máa gbọ́ ẹjọ́ kan, wọ́n á sì fún wọn ní máàkì. Ó ní ṣé mo mọ obìnrin kankan tó lè dúró bí òbí, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lè sọ̀rọ̀.

Mo ní mo mọ ẹnì kan. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ọkùnrin yìí rí ojú obìnrin náà lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo pe fóònù ìyàwó pásítọ̀, wọ́n bá mi pè é. Mo sọ fún un pé àwọn ọ̀gá iléèwé fẹ́ gbọ́ irú ẹjọ́ tirẹ̀, kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Mo ní ó dà bí eré. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Mo rò pé mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ wéré, nígbà tó ti ń dúpẹ́.

Àbámẹ́ta, 15 Fẹ́búárì

Ó wọ búláòsì funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òórùn káńfọ̀ nìkan ló wà lára rẹ̀. Dókítà Àmínátù fún un ní káàdì ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Ó gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì fi í sínú àpò. Kò mọ̀wé kà. Mo mọ̀, mi ò sì sọ.

Ẹjọ́ Táíyé ló bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀gá Fọlárìn. Kò rí obìnrin náà rí. Ẹnu géètì ni wọ́n ti ń dá a padà.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ fara balẹ̀. Kí ni wọ́n fi ṣe yín?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, sà. Òórùn iṣẹ́ mi ni wọ́n torí ẹ̀ lé ọma mi. Ẹ jẹ́ kó wọlé, kí ẹ lé mi. Tí ẹ bá ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, màá fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi sílẹ̀, kí ni màá fi rán an?"

Ọ̀gá yọ áńkáṣíìfù. Omijé gidi ni, mo rí i. Ó dìde, ó yí tábìlì po, ó di ọwọ́ obìnrin náà méjèèjì mú.

"Kò sí ọmọ tí wọ́n máa lé nítorí iṣẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí mo wà láyé. Kí lorúkọ ọmọ yín?"

"Ìkúnayọ̀, sà."

Mo wo ojú Ọ̀gá, bóyá ó ti gbọ́ orúkọ náà rí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó jókòó, ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé kí Ìkúnayọ̀ padà sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé, kí orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé ìdánwò. Ó buwọ́ lù ú. Ọwọ́ rẹ̀ tún wọ àpò fúnra rẹ̀, ó yọ òǹtẹ̀, ó sì lù ú gbà-á lórí bébà náà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Òun ló gba máàkì tó ga jù. Ẹ̀dà kan bọ́ sọ́wọ́ Dókítà Àmínátù. Ojúlówó ni wọ́n fún "òbí", bí eré náà ṣe wí. Ìyá Ìkúnayọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, wọ́n sì tún pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí n bá a jáde, kí n jókòó tì í, kí n là á yé e. Ọ̀gá ń pè mí pé kí n wá gbé báàgì.

"Obìnrin yẹn dáa ju Cynthia lọ," ó sọ nínú mọ́tò. "Ibo lẹ ti rí i?"

"Ubeji, sà."

"Ẹ ò rí nǹkan! They can act o."

Mo gbé báàgì rẹ̀ lé itan mi.

Ajé, 17 Fẹ́búárì

Wọ́n wá. Agogo méje ààbọ̀, kí àsẹ́ńbìlì tó bẹ̀rẹ̀. Ìkúnayọ̀ wọ yúnifọ́ọ̀mù, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ funfun báláú. Ìyá rẹ̀ fi bébà náà sínú ọ̀rá kí ọ̀rinrin má bàa kàn án. Hàmídù ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu.

"Madam, stamp dey," ó sọ fún mi. "Wetin I for do?"

Ọ̀gá Fọlárìn bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò. Ó rí obìnrin náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ha, Màmá eléré! Ẹ káàbọ̀." Ìgbà náà ló wá rí ọmọ. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "That fish girl? Ọmọ yín ni?"

Ìyá Ìkúnayọ̀ na bébà náà sí i.

"Màmá, eré la ṣe. Play. Ìdánwò ni, wọ́n ń fún wa ní máàkì. Kò yé yín ni?"

"Eré?" Ó wo bébà náà, ó wo Ọ̀gá. "Ẹkún tí ẹ sun ńkọ́, sà?"

Èmi ni Ọ̀gá kọjú sí. "VP, ẹ mú wọn kúrò níbí káwọn ọmọ tó tò sílà."

Mo mú wọn kúrò. Èmi náà ni mo mú wọn dé géètì. Ìkúnayọ̀ ò sunkún. Ó kàn ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mo ń retí kí ìyá rẹ̀ bú mi, kò bú mi.

"Ẹ̀yin lẹ pè mí, ma," ó ní. Ó fi bébà náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ gbà. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi eré ṣe."

Ìṣẹ́gun, 18 Fẹ́búárì

Wọ́n ti gbé sátífíkéètì Ọ̀gá kọ́ sára ògiri, òkè àga rẹ̀ gan-an.

Ẹtì, 21 Fẹ́búárì

Èmi ni mo máa ń tẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe Wáẹ̀kì sórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Ọ̀gá fọwọ́ sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ láàárọ̀, ó dé lọ́sàn-án, ó tún lọ. Agogo mẹ́ta kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló tó dúró dáadáa.

Fọ́tò Ìkúnayọ̀ wà níbẹ̀. December la ya ti gbogbo wọn. Owó ìdánwò rẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ wa láti ìgbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó dá a padà nígbà tí a lé e.

Mo tẹ orúkọ rẹ̀ ṣe ìkẹtàdínláàádọ́ta. Mo fi bébà olóǹtẹ̀ náà sínú fáìlì, níbi tí a máa ń fi ìwé àṣẹ sí. Mo tẹ bọ́tìnnì. Bó bá ti lọ, kò ṣeé yọ mọ́.

Ó wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé mo nígboyà. Irọ́ ni. Mo ti kórìíra ara mi dé ibi tí ẹ̀rù ò rí àyè jókòó sí.

Ajé, 24 Fẹ́búárì

Ọ̀gá rí i. Ìwé ẹ̀sùn dé orí tábìlì mi ní agogo mẹ́wàá: àṣẹ ta ni mo fi kún orúkọ? Mo fèsì ní ìlà kan: "Àṣẹ yín ni, sà. Ẹ wo ẹ̀dà rẹ̀ tí mo so mọ́ ọn."

Ó pè mí wọlé. Ojú rẹ̀ ti pọ́n koko.

"Ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́, Mrs Ọlágbénró. Ẹ mọ̀ pé eré ni."

"Ìbuwọ́lù yín ni, sà. Òǹtẹ̀ yín sì ni. Ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ Dókítà Àmínátù."

Ó wo sátífíkéètì lórí ògiri, ó wò mí. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Mo rò pé iṣẹ́ mi ti lọ nígbà náà.

Ọjọ́rú, 26 Fẹ́búárì

Dókítà Àmínátù fóònù Ọ̀gá pé àwọn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá wo bí àwọn tó gba ẹ̀kọ́ ṣe ń lò ó, pé wọ́n á gbé kámẹ́rà wá. Kò ju wákàtí kan lọ tí Ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí mi.

"Ẹ pe ọmọ yẹn padà. Kó dúró tì mí tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò." Ó ronú díẹ̀. "Kí lorúkọ ẹ̀ tiẹ̀?"

Ó jáde lọ sí báńkì kí n tó kọ lẹ́tà náà tán, òun àti òǹtẹ̀ rẹ̀. Mi ò dúró dè é. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé e lọ sí Ubeji.

Ìkúnayọ̀ kà á sókè fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ma, stamp no dey."

Ìyá rẹ̀ nu ọwọ́ sára ìró, ó gbà á, ó wò ó bí ẹni pé ó lè kà á. "Ìyẹn olóǹtẹ̀ ni eré," ó ní. "Èyí tí kò ní òǹtẹ̀ ló jẹ́ òótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ̀rín náà ò dùn-ún gbọ́. "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé," ó ní.

Mo sọ fún un pé èmi fúnra mi á dúró sẹ́nu géètì ní agogo méje ọjọ́ Ẹtì. Kò ní òun ń bọ̀, kò sì ní òun ò bọ̀.

Ẹtì, 28 Fẹ́búárì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lóru, kòtò ẹ̀yìn yàrá olùkọ́ sì ti ṣàn dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo wà lẹ́nu géètì kí Hàmídù tó ṣí i. Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo rí wọn. Ìyá rẹ̀ ò sọdá. Ó dúró ní òdìkejì títì, ó ń wò wá títí ọmọ fi wọ kíláàsì, ó sì tún dúró díẹ̀ sí i. Ìlérí gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga fún Ìkúnayọ̀ láìwojú ẹnikẹ́ni.

Ìyá oníjíìpù náà tún wá. Ọ̀gá Fọlárìn kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ṣàlàyé fún un pé iléèwé òun kì í lé ọmọ nítorí iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Nígbà ìsinmi ló fún mi ní àpò ìwé kan, kò sì gbójú sókè. Iṣẹ́ mi parí lópin táàmù yìí. Ó ti lọ fa lẹ́tà tí mo kọ ní Jánúárì yọ, ó sì fi gbólóhùn mi kọ ọ́: "fún àǹfààní gbogbo wa". Òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó hàn ketekete.

Mo jókòó sí yàrá olùkọ́, mo fi ọwọ́ bo imú, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta, bí Ìkúnayọ̀ ṣe ka tèmi fún ìyá rẹ̀.